Ìtọ̀ Tí Ó Sé Mọ́ Bàbá Lára: Ẹ Má Yọ Kátítà Náà

Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni lẹ́tà ti ń wọlé sí mi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ ni wọ́n sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kì í kọ̀wé. Ojú ń tì wọ́n. Ìyá kan ní Ìbàdàn sọ fún mi pé ọkọ òun, ẹni ọdún 68, ti pẹ́ tí ó ti ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru láti tọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìtọ̀ sé mọ́ ọn lára, bàbá ń ké, ikùn rẹ̀ le. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà kan bọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ dà, ara tù ú. Wọ́n sì ní kí ó máa gbé rọ́bà náà lọ sílé títí di ọjọ́ tí yóò padà wá. Ìyá náà wá bi mí pé: "Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá ti fi kátítà sí lára kì í pẹ́ láyé mọ́? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí a yọ ọ́, kí a gbé bàbá lọ sí abúlé."

Ẹ má ṣe é o, ìyá wa. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín yọ ọ́. Rọ́bà náà kọ́ ni ó ń pa ènìyàn; ohun tí ó mú kí wọ́n fi í sí i ni ó lè pa á. Àwọn tí ń sọ pé ẹni tí a fi kátítà sí kì í pẹ́ láyé, ohun tí wọ́n fi ojú rí ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kì í lọ sí ọsibítù àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ pátápátá, tí ìtọ̀ ti ba kíndìnrín jẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, rọ́bà tí a bá lára rẹ̀ ni a ó di ẹ̀bi rú. Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ iye àwọn tí wọ́n gbé kátítà wálé tí wọ́n ṣì ń jó níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ara ṣe rí ná. Ìtọ̀ ń ti inú kíndìnrín méjèèjì ṣàn sọ̀kalẹ̀ wá sínú àpò kan ní ìsàlẹ̀ ikùn. Bí ó bá ti gba nǹkan bí 300 sí 400 mílílítà, a óò mọ̀ pé ó yẹ kí a tọ̀. Lára ọkùnrin, ẹran kékeré kan wà ní abẹ́ àpò náà gẹ́lẹ́, kò ju èso awùsá kan lọ ní ìgbà èwe. Próstéètì ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá bí okùn ti ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè apá kan nínú omi tí ń gbé àtọ̀ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá ti ń kọjá ogójì ọdún, ẹran yìí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Bí ó ti ń tóbi ni ó ń fún okùn àárín rẹ̀ pa. Nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tó ẹni 60 ọdún, ti nǹkan bí ìdajì wọn ti tóbi; nígbà tí wọ́n bá fi máa tó 85, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe pé bàbá lọ kó àtọ̀sí níta.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yìí ni ó ń pa wá lára jù. Bí bàbá bá ti ń pẹ́ ní ilé ìtọ̀, ẹ̀rù a máa bà á pé ìyàwó òun yóò fura sí òun, ni yóò bá dákẹ́. Òótọ́ ni pé àtọ̀sí tí a kò tọ́jú dáadáa lè fi ojú àpá sílẹ̀ nínú ọ̀nà ìtọ̀, kí àpá náà sì sún un kì lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àrùn ọ̀tọ̀ ni èyíinì, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Dókítà ni ó lè mọ èwo ni èwo. Olófòófó àdúgbò kò lè mọ̀ ọ́n.

Báwo ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ìyàwó ilé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ni ó ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn ti ń dún lóru. Bàbá yóò dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ tí ó ń ta jìnnà tẹ́lẹ̀ yóò wá máa kán sí i lẹ́sẹ̀. Yóò dá, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ó ṣì kù. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìlọrin mọ́, wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ràn ìrìn àjò, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1992 àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ to ìbéèrè méje jọ lórí nǹkan wọ̀nyí, wọ́n sì ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo títí dé márùn-ún. Ẹni tí ó bá gba 7 tàbí kí ó dín, tirẹ̀ kéré. Láti 8 dé 19, ó ti wà ní àárín. Láti 20 dé 35, ó ti le. Ìbéèrè yìí náà ni gbogbo ayé ń lò títí di òní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ń jẹ́ kí bàbá tí ojú ń tì fi bírò sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Ohun mìíràn tí ẹ lè ṣe nílé ni èyí. Ẹ wá jọ́ọ̀gì oníke kan tí a ti sàmì iye mílílítà sí lára, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ fún bàbá. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó máa tọ̀ sínú rẹ̀, kí ó máa kọ aago tí ó tọ̀ àti iye rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí ó mu. Bí ẹ bá gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà, ó sàn ju kí ẹ ní "ó ń tọ̀ púpọ̀" lọ. Mo ti rí ẹni tí kò ní àrùn kankan, tíì ife mẹ́ta ni ó ń mu kí ó tó sùn. Mo sì ti rí ẹni tí a rò pé próstéètì ni, tí àtọ̀gbẹ sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí ìtọ̀ tí ó sé. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ ìyá tí ó kọ̀wé: lójijì, pẹ̀lú ìrora tí ẹni tí kò bá ṣe rí kò lè mọ̀. Ìtọ̀ tí a ń gbà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn a máa lé ní lítà kan, èyíinì ni pé ó ju ìgò bíà ńlá kan àti ààbọ̀ lọ. Ohun tí ó ń fà á lè jẹ́ nǹkan kékeré lórí próstéètì tí ó ti tóbi tẹ́lẹ̀: ọtí púpọ̀ níbi òkú, ìgbẹ́ tí ó gan, ìjókòó gígùn tí a fi ń pa ìtọ̀ mọ́ra, tàbí oògùn òtútù àti kátá tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù láìbéèrè. Àwọn oògùn tí ń gbẹ imú yìí, wọ́n a máa fún ẹnu àpò ìtọ̀ pa pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá àgbà nílé, ẹ ṣọ́ra fún wọn.

Oríṣi kejì kì í dun ni, òun gan-an ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Àpò ìtọ̀ yóò máa kún díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, yóò sì fẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Ìtọ̀ tí ó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni yóò máa jò. Bàbá yóò máa tọ̀ sí ilé lóru, àwọn ọmọ yóò ní, "Ọjọ́ ogbó ti dé sí bàbá," wọn yóò ra ike tí a ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ní gbogbo àkókò yìí, ìtọ̀ ń ti ẹ̀yìn padà sí kíndìnrín, ó ń bà á jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú, tí bàbá kò lè jẹun mọ́, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ni wọn yóò tó gbé e wá. Àgbàlagbà ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Bí ìtọ̀ bá sé lójijì, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì ní kí ó mu omi púpọ̀ kí ìtọ̀ lè tipátipá jáde. Ta ni ó ń rọ omi sínú ìgò tí a ti dé lẹ́nu? Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má sì gbé e lọ bá dókítà ojú ọjà. Mo rí ọkùnrin kan tí onítajà oògùn kan ti tipátipá ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lára nínú iyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rọ́bà náà kò gba ojú ọ̀nà, ó dá ọ̀nà mìíràn lu sínú ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dà kò ṣeé fẹnu sọ, ó sì tó ọdún méjì tí a fi ń tún ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin náà ṣe. Nígbà tí rọ́bà kò bá gba ìsàlẹ̀ kọjá, dókítà tòótọ́ kì í jà. Yóò pa ikùn ìsàlẹ̀ lójú oorun, yóò sì gba ibẹ̀ ki rọ́bà sínú àpò ìtọ̀.

Kátítà yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ń fi idẹ ṣe é. Ní ọdún 1752, Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ní kí alágbẹ̀dẹ fàdákà bá òun ṣe ọ̀kan tí ó lè tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John, tí òkúta wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ní 1860 ni dókítà ọmọ Faransé kan, Auguste Nélaton, ṣe èyí tí ó jẹ́ rọ́bà tí ó rọ̀. Ìṣòro kan ni ó kù: rọ́bà kì í dúró. Wọ́n ní láti fi okùn so ó tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Frederic Foley, dókítà kan ní St. Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni ó yanjú rẹ̀. Ó fi àpò rọ́bà tín-ín-rín kan sí etí kátítà, bí fèrè tí àwọn ọmọdé ń fẹ́. Bí rọ́bà bá ti wọ inú àpò ìtọ̀, a óò fi abẹ́rẹ́ rọ omi sínú fèrè náà, yóò wú, kò ní lè jáde mọ́. Ní 1935 ni ó fi han àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Dídá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ próstéètì ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún. Ilé iṣẹ́ rọ́bà kan bá a du ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Foley ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Ẹni tí ó gba owó kò gba orúkọ.

Nítorí fèrè yìí ni mo ṣe ń pariwo pé ẹ má fa kátítà yọ. Omi inú rẹ̀ sábà máa ń tó 10 mílílítà. Bí a bá fà á jáde bẹ́ẹ̀, yóò ya ọ̀nà ìtọ̀ bí ó ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò kọ́kọ́ fa omi náà kúrò.

Nọ́mbà tí ẹ ń rí lára kátítà nígbà tí wọ́n bá fún yín ní ìwé pé kí ẹ lọ rà á ńkọ́? Ìwọ̀n Charrière ni, ọmọ Faransé tí ń ṣe irinṣẹ́ dókítà. Nọ́mbà mẹ́ta jẹ́ mílímítà kan, nítorí náà nọ́mbà 16 fẹ̀ díẹ̀ ju mílímítà márùn-ún lọ. Kì í ṣe bí bàtà tí a ń ra èyí tí ó tóbi kí ó lè pẹ́. Nọ́mbà tí dókítà bá kọ ni kí ẹ rà. Ẹ tún bèèrè bóyá rọ́bà lásán ni tàbí sílíkónì: èyí tí ó jẹ́ sílíkónì lè wà lára tó ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ rọ́bà, ó sábà yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ti rí èyí tí ó lo oṣù méje lára ènìyàn. Òkúta ti hù mọ́ ọn lórí.

Nípa ìtọ́jú rẹ̀, ohun tí ó le ni kòkòrò àrùn. Ìṣirò àwọn dókítà ni pé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kátítà bá fi wà lára, láti mẹ́ta dé méje nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni kòkòrò yóò tún wọ inú ìtọ̀ wọn. Àpò tí ìtọ̀ ń dà sí gbọ́dọ̀ máa wà nísàlẹ̀ ikùn nígbà gbogbo, kí ìtọ̀ tí ó ti jáde má baà ṣàn padà. Ṣùgbọ́n kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ má máa tú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ àpò kiri. Ẹnu ìsàlẹ̀ àpò ni kí ẹ ti máa da ìtọ̀ nù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn náà. Omi àti ọṣẹ tó láti fi wẹ ibi tí rọ́bà ti wọlé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò gba ẹ̀tù, kò gba Dettol. Kí bàbá máa mu omi dáadáa báyìí tí ọ̀nà ti là. Bí ibà bá dé pẹ̀lú òtútù gbígbọ̀n, bí ìtọ̀ kò bá dà fún wákàtí bíi mélòó kan tí ikùn sì ń le, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì sínú rọ́bà, ẹ gbé e padà lọ sí ọsibítù.

Ǹjẹ́ títí ayé ni yóò máa gbé e kiri bí? Rárá. Púpọ̀ nínú wọn ni a lè yọ ọ́ fún lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, àwọn dókítà kó nǹkan bí 360 ọkùnrin tí ìtọ̀ sé lójijì jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn alfuzosin, tí ń tú ẹnu àpò ìtọ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ kátítà gbogbo wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gba oògùn, nǹkan bí 62 dá tọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gba hóró lásán, 48 dá tọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oògùn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí yóò tọ̀ bí a kò tilẹ̀ fún wọn ní nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá ta ìgò àgbo fún ọgọ́rùn-ún irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ìdajì wọn yóò padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ rédíò. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fi hóró lásán wé oògùn.

Oògùn tí a ń lò fún ìgbà pípẹ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń tú ẹran ẹnu àpò ìtọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde lójijì. Èkejì, bíi finasteride, ń mú kí próstéètì fúnra rẹ̀ sún kì, ó sì ń gbà tó oṣù mẹ́fà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin 3,047 wọ inú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, tí wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún bí ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Àwọn tí ó lo oríṣi méjèèjì pọ̀, ewu pé àrùn wọn yóò máa le sí i fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ó lo hóró lásán. Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ gbọ́ èyí: aboyún kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan hóró finasteride tí ó ti fọ́, nítorí ó lè pa ọmọkùnrin inú rẹ̀ lára. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ife kan náà pẹ̀lú oògùn àwọn ará ilé yòókù.

Kí dókítà tó yan ìtọ́jú, yóò yẹ bàbá wò. Yóò fi ìka tí ó wọ ibọ̀wọ́ yẹ próstéètì wò láti ìdí. Mo mọ̀ pé nítorí ìka yìí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe ń sá. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì ń sọ fún dókítà bóyá ẹran náà rọ̀ tàbí ó le bí òkúta. Wọn yóò wo ìtọ̀, wọn yóò fi ẹ̀jẹ̀ wo iṣẹ́ kíndìnrín, wọn yóò fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara wo ìtọ̀ tí ó kù sẹ́yìn. Bí ó bá di dandan, wọn yóò fi ìgò awò tín-ín-rín wo inú àpò ìtọ̀. Àbẹ́là ni Philipp Bozzini ará Jámánì fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1806. Maximilian Nitze ni ó fi iná sí etí rẹ̀ nínú ara gan-an ní 1877, tí ojú fi wá ríran kedere.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní PSA, nípa jẹjẹrẹ próstéètì. Ẹ máa fi sùúrù gbọ́ èsì rẹ̀. Próstéètì tí ó kàn tóbi lè gbé e sókè, kòkòrò inú ìtọ̀ lè gbé e sókè, ìtọ̀ tí ó sé àti kátítà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí lè gbé e sókè. Finasteride sì ń gé e sí bí ìdajì, nítorí náà ẹni tí ó ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá ga, abẹ́rẹ́ ni wọn yóò fi gé ẹran níbẹ̀ wò. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọkùnrin 576, tí ó jáde ní 2017, fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin wọn lọ tí kò ní nílò abẹ́rẹ́ náà. Ìwádìí mìíràn níbẹ̀ tẹ̀ lé ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tí ì jáde kúrò nínú próstéètì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àwọn kan, wọ́n kàn ń ṣọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún 15, èsì rẹ̀ jáde ní 2023: jẹjẹrẹ náà kò pa ju 45 nínú gbogbo wọn lọ, iye tí ó kú ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tu ara yín nínú jù. Òyìnbó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn ọkùnrin náà, a sì tètè rí àrùn wọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni àwọn ọkùnrin lápapọ̀ tí ń ní jẹjẹrẹ yìí láyé wọn. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Peckham tàbí Manchester, tí wọ́n ti lé ní ẹni 45 ọdún, ẹ ní kí wọ́n lọ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí bàbá wọn bá sì ti ṣe àrùn náà rí, kí wọ́n sọ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ ni ó kù. Ní ọdún 1900, Peter Freyer ọmọ Ireland bẹ̀rẹ̀ sí í la ikùn ìsàlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń gba inú àpò ìtọ̀ fi ìka họ ẹran tí ó dí ọ̀nà kúrò. Terence Millin, ọmọ Ireland pẹ̀lú, wá ọ̀nà tí kò gba inú àpò náà kọjá, ó sì kéde rẹ̀ ní 1945. Títí di òní, wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ báyìí púpọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá bí próstéètì bá tóbi gidigidi tàbí bí kò bá sí ẹ̀rọ. Ìtìjú kankan kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà kejì, tí Maximilian Stern bẹ̀rẹ̀ ní 1926 tí Joseph McCarthy sì tún ṣe ní 1931, kì í la ikùn. Wọn yóò gba ọ̀nà ìtọ̀ wọlé pẹ̀lú wáyà tí iná ń gbóná, wọn yóò máa fi í bó ẹran náà ní pẹlẹbẹ bí ẹni ń bó iṣu. Àwọn kan sì ń polówó iná lésà nísinsin yìí bí ẹni pé òun ni òpin ìmọ̀. Ní 2020 wọ́n fi oríṣi lésà kan wé wáyà yìí lára ọkùnrin 410 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara tu apá méjèèjì bákan náà. Ìtọ̀ àwọn tí a fi wáyà ṣe sì tilẹ̀ ń yára jáde ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí lésà.

Ohun kan wà tí àwọn ọkọ ń bèèrè lábẹ́ ohùn, n ó sì dáhùn rẹ̀ gbangba. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ próstéètì tí ó kàn tóbi, agbára ọkùnrin sábà máa ń dúró bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ jù wọn, àtọ̀ kì í jáde síta mọ́. Inú àpò ìtọ̀ ni ó ń padà sí, yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Kò ní ewu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó gun orí tábìlì.

Ìyá wa ti Ìbàdàn tún bèèrè bóyá ọkọ òun lè bá wọn lọ sí ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta lóṣù tí ń bọ̀ bí kátítà bá ṣì wà lára rẹ̀. Ó lè lọ. Àpò kékeré kan wà tí a ń fi bẹ́líìtì so mọ́ itan, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ lábẹ́ ṣòkòtò àti agbádá. Kí ó jókòó sí ibi tí ó súnmọ́ ilé ìtọ̀, kí ó máa tú àpò náà dànù kí ó tó kún tán, kí wíwúwo rẹ̀ má baà fa rọ́bà. Bí ó bá sì di òru, kí ẹ so àpò ńlá mọ́ ọn kí ó tó sùn.